Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Sétí Brussels? Àlàyé Lórí Àwọn Think Tank Ọjà Òmìnira Tó Ń Ya Wọ Yúróòpù

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, think tank ọjà òmìnira kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Heartland Institute ṣí ẹ̀ka tuntun sí London. Wọ́n sọ ọ́ ní Heartland UK/Europe. Nigel Farage, olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì tí ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Brexit, ìyẹn bí Britain ṣe kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EU, ni àlejò pàtàkì níbi ayẹyẹ náà. Nígbà tó di January 2025, ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde pé àjọ yìí ń bá àwọn aṣòfin apá ọ̀tún kan ní Yúróòpù ṣiṣẹ́ láti dí àwọn òfin àyíká lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ka ìròyìn náà tí orí rẹ̀ kò yé. Kí ni think tank? Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú ni àbí iléeṣẹ́? Ta ló dìbò yàn wọ́n? Báwo ni àjọ tí kò ní ìbò kan ṣoṣo ṣe máa yí òfin orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n padà?

Àwọn ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí àwa náà máa bi wọ́n, torí òfin tí EU bá ṣe ní Brussels, olú ìlú Belgium, kì í jókòó sí Brussels.

## Kí ni think tank gan-an?

Think tank ni àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó ronú lórí ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe, kó kọ èrò náà sílẹ̀, kó sì wá ọ̀nà tí èrò náà yóò fi dé etí àwọn tó ń pàṣẹ. Kì í tajà, kì í dupò, kì í sì í fún ọmọ ilé ìwé ní oyè bíi yunifásítì. Ohun tó ń jáde látọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé olójú-ewé méjì, ìwé olójú-ewé ọgọ́ta, àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àti ìpàdé tí wọ́n ń ṣe nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ fi wé ẹni tó ń gba ààfin nímọ̀ràn láìjẹ oyè. Ìjòyè ní àga tirẹ̀ níwájú ọba, ẹni yìí kò ní. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ó ti yà nílé ìjòyè mẹ́ta, ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn bó ṣe yé òun. Nígbà tí wọ́n bá pé jọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu wọn.

Think tank kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Bruegel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brussels ní 2005, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá, ó sì ń tẹ orúkọ wọn jáde. MCC Brussels, tó dé ní 2022, jẹ́ ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ kan ní Hungary tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà fún ní ìpín ńlá nínú iléeṣẹ́ epo àti iléeṣẹ́ oògùn. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ẹni àti àṣà ló jẹ ẹ́ lógún ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Àwọn oníròyìn sábà máa ń da irú èyí pọ̀ mọ́ àwọn tọjà òmìnira, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè jókòó sórí tábìlì kan náà lónìí kí wọ́n sì takora lọ́la lórí owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀.

## Ọjà òmìnira: òmìnira lọ́wọ́ ta ni?

Kì í ṣe ọjà ọ̀fẹ́ là ń sọ. Ohun tí àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn ni pé kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà fẹnu ara wọn ṣe àdéhùn. Kí ìjọba má bá wọn dá iye owó, kó má gba owó orí tó wọni lára, kó má sì fi òfin dí ẹni tuntun lọ́nà. Iṣẹ́ ìjọba lójú tiwọn ni kó rí i pé òṣùwọ̀n pé, kó mú olè, kó sì dá ẹjọ́ nígbà tí ẹnìkan bá yẹ àdéhùn.

Ẹni tó bá ti gbé tòmátì láti ọ̀nà jíjìn wá sí ọjà ńlá kan ní Èkó yóò mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ wọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò lè ṣàdédé já ẹrù sílẹ̀ kó máa tà. Ẹgbẹ́ ló máa sọ iye tí apẹ̀rẹ̀ kan máa jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá tà á ní owó pọ́ọ́kú yóò rí ìbínú ẹgbẹ́, aráàlú tó fẹ́ ra ọbẹ̀ ló sì ń san àfikún. Àwọn ọlọ́jà òmìnira yóò ní kí wọ́n tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká.

Apá kejì wà. Epo pupa tí wọ́n po aró mọ́ kò hàn lójú lásán. Kò sí oníbàárà tó lè fi ahọ́n mọ̀ ọ́n, àìsàn rẹ̀ sì lè má yọjú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí ẹni tó ń rà kò bá ti lè mọ ohun tó ń rà, tàbí tó jẹ́ ẹni tí kò rà tí kò tà ló ń fara gba ìyà, bí èéfín iléeṣẹ́ tó ń wọ ilé aládùúgbò, àdéhùn ẹni méjì kò tó. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà Brussels wà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání: ọ̀rẹ́ ọjà kọ́ ni ọ̀rẹ́ oníṣòwò ńlá. Ẹni tó gba ọjà òmìnira gbọ́ lóòótọ́ yóò tako owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún iléeṣẹ́ epo gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tako owó orí tí wọ́n ń bù lé e. Tí àjọ kan bá ń pariwo nítorí èkejì nìkan, ẹ ti mọ ibi tó fì sí.

## Ọ̀dọ̀ aládìyẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Antony Fisher, tó wa ọkọ̀ òfurufú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ka ìgékúrú ìwé kan tí Friedrich Hayek, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ, ó sì wá a lọ sí yunifásítì tó ti ń kọ́ni ní London. Fisher fẹ́ wọ òṣèlú. Hayek ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀yìn èrò ni olóṣèlú ń tọ̀: ẹni tó bá fẹ́ yí òfin padà, kó kọ́kọ́ yí èrò àwọn olùkọ́ àti akọ̀ròyìn padà. Fisher lọ kọ́ ọgbọ́n sísin adìyẹ rẹpẹtẹ lábẹ́ òrùlé kan láti Amẹ́ríkà, ó sì di olówó nídìí rẹ̀. Ní 1955 ó dá Institute of Economic Affairs, ìyẹn IEA, sílẹ̀ ní London.

Ní 1981, ó dá Atlas sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ Atlas ni kó máa bí àjọ mìíràn: ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọrọ owó àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé, ó sì ń fún wọn ní owó ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọn tó so mọ́ ọn ju 500 lọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè. Ní 2014, IEA àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Timbro ti Sweden, Istituto Bruno Leoni ti Ítálì àti Lithuanian Free Market Institute pawọ́ pọ̀ dá EPICENTER sílẹ̀ sí Brussels, kó máa bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ níbi tí òfin ti ń jáde. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà gbòòrò nìyẹn: àwọn àjọ ilé kóra jọ, wọ́n rán ẹnìkan lọ sí olú ìlú. Ọ̀nà kejì ni ti Heartland: àjọ òkèèrè ṣí ẹ̀ka tirẹ̀.

## Kí ló dé tó fi jẹ́ Brussels?

Ẹ wo ṣájà tó wà lẹ́bàá yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iPhone ní okùn tirẹ̀ tí kò wọ fóònù mìíràn. Ní 2022, EU ṣòfin pé gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n bá fẹ́ tà lọ́dọ̀ àwọn láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 gbọ́dọ̀ máa lo USB-C. Apple kò dúró de ọjọ́ náà. iPhone 15 tó jáde ní September 2023 ti gbé USB-C wá, ní Paris àti ní Computer Village ní Ìkẹjà. Kò sí ará Nàìjíríà kankan tó dìbò sí òfin yẹn.

Ohun tó fà á kò ju pé oníbàárà tó tó nǹkan bí 450 mílíọ̀nù ló wà nínú ọjà EU. Iléeṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà èyí tó bá òfin Yúróòpù mu ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin lórí epo, sìgá, íntánẹ́ẹ̀tì tàbí igbó rọ̀ káàkiri ayé, Brussels ni yóò ti jàǹfààní jù lọ. Ìdí nìyí tí àjọ Amẹ́ríkà fi ń sọdá òkun.

## Ọ̀nà tí òfin ń gbà, àti ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é

Ibí yìí ló ń rú èèyàn lójú jù, torí òfin EU kì í rìn bíi ti Abuja. Ilé mẹ́ta ló ń ṣe é.

Àkọ́kọ́ ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, tí wọ́n ń pè ní European Commission. Kọmíṣọ́nnà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ju ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ. Àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀, àwọn nìkan ló lè gbé àbá òfin jáde. Aṣòfin kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun mú bíìlì wá. Ẹni tí kò bá tíì sọ tirẹ̀ kí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tó kọ àbá, ó ti pẹ́ díẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n máa ń ké sí aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojúlé kan tó ń jẹ́ Have Your Say. Ìpè àkọ́kọ́ sábà máa ń wà ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìbéèrè gígùn fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí àbá bá sì jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà fún èsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó nǹkan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣèwádìí. Think tank tó ti ní ìwé rẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá yóò fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kékeré kò tíì gbọ́ pé wọ́n ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó tì í.

Ilé kejì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tó ní ọmọ ilé 720 láti ìgbà ìdìbò 2024. Àbá kọ̀ọ̀kan máa ń ní aṣòfin kan tí wọ́n yàn láti bójú tó o, ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù a sì fi ẹnìkọ̀ọ̀kan tì í láti máa ṣọ́ ọ. Ní ilé tó ní ẹni 720, èèyàn bíi méje sí mẹ́jọ péré ni ọ̀rọ̀ òfin kan máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn yìí ni gbogbo ẹni tó ń lọ́bì, ìyẹn àwọn tó ń rọ aṣòfin kí òfin lè gba ọ̀nà tiwọn, ń sáré lọ. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Brussels, wọ́n sì lè ní àbá márùn-ún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùrànlọ́wọ́ tó rẹ̀, tí wọ́n ní kó mú àtúnṣe ogún wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé gbólóhùn tó ti pọ́n dójú àmì wá fún un.

Ilé kẹta ni Ìgbìmọ̀ Àwọn Mínísítà. Kí òfin tó kọjá níbẹ̀, 55% nínú àwọn orílẹ̀-èdè, ìyẹn 15 nínú 27, gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, àwọn 15 náà sì gbọ́dọ̀ ní 65% nínú gbogbo èèyàn EU. Ẹni tó bá fẹ́ dí òfin lọ́wọ́ kò nílò láti borí. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré tí èèyàn inú wọn bá ju 35% lọ ti tó. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti da òfin dúró ju láti ṣe é lọ.

Lẹ́yìn náà ni aṣojú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pàdé nínú yàrá títì láti mú ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan. Trilogue ni orúkọ ìpàdé náà. Oníròyìn kì í wọ ibẹ̀.

## Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún

Kí ẹ lè rí bí àlàfo láàárín kí òfin kọjá àti kó ṣubú ṣe ń há tó, ẹ jẹ́ ká wo òfin kan: èyí tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè EU tún igbó, odò àti ilẹ̀ àbàtà tó ti bàjẹ́ ṣe. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2024, Ilé Aṣòfin dìbò lé e lórí ní Strasbourg: 329 fara mọ́ ọn, 275 kọ̀, 24 kò dìbò. Ó ku kí àwọn mínísítà fọwọ́ sí i. Nígbà tó di oṣù Kẹta, Hungary yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn tó fara mọ́ ọn kò tó mọ́, wọ́n sì yọ ìdìbò náà kúrò nínú ètò ìpàdé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, wọ́n tún pàdé ní Luxembourg. Leonore Gewessler, mínísítà àyíká ti Austria, dìbò pé òun fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ìjọba tirẹ̀ ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 20 ló fara mọ́ ọn, èèyàn inú wọn sì jẹ́ 66.07%. Austria kò ju nǹkan bí 2% lọ nínú gbogbo èèyàn EU. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ìṣirò náà yóò já sí nǹkan bí 64%, òfin náà ì bá ti ṣubú.

Iṣẹ́ ọdún méjì, ọwọ́ ẹnìkan ló kù sí. Àjọ tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní fi owó rẹ̀ ṣòfò lórí gbogbo Yúróòpù. Orílẹ̀-èdè kan tàbí méjì tí ọkàn wọn ń ṣe iyèméjì ni yóò dojú kọ.

## Kí ló wà nínú àpò wọn?

Owó beba kọ́. Ní December 2022, ọlọ́pàá Belgium rí nǹkan bí €1.5 mílíọ̀nù nínú báàgì àti àpótí nígbà tí wọ́n ń wádìí ẹ̀sùn rìbá tó kan àwọn aṣòfin Yúróòpù. Ẹ̀ṣẹ̀ ni rìbá lábẹ́ òfin. Iṣẹ́ think tank kò rú òfin kankan, kò sì yẹ kí á da méjèèjì pọ̀.

Ohun tí wọ́n ń gbé dání jẹ́ èyí tó ṣeé tọ́ka sí. Àpẹẹrẹ kan ni àtẹ tí EPICENTER máa ń gbé jáde, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí òfin wọn lórí ọtí, sìgá, ẹ̀rọ amúsìgá àti ohun mímu ṣúgà ṣe le tó. Ní 2023, Turkey ló le jù, Jámánì ló rọ̀ jù. Oníròyìn fẹ́ràn àtẹ, torí ó rọrùn láti fi ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wọ ìṣirò náà: owó orí gíga lórí sìgá jẹ́ àmì búburú níbẹ̀. Iye èèyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa kò sí nínú àtẹ náà rárá. Nọ́ńbà wọn lè tọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n yàn láti kà ti dá ẹjọ́ náà kó tó dé kóòtù.

## Owó ta ni?

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ibi tí mo ti ń rọ òǹkàwé láti fara balẹ̀ jù nìyí.

EU ní ìwé orúkọ kan, Transparency Register, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2011 tí wọ́n sì mú le sí i ní 2021. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó. Láti December 2014, Kọmíṣọ́nnà kò gbọdọ̀ ṣèpàdé pẹ̀lú ẹni tó ń lọ́bì tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kéde ìpàdé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Think tank ní ìsọ̀rí tirẹ̀ nínú ìwé náà.

Ihò wà lára ògiri yìí o. Àjọ tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹni tó fún un lówó bí owó náà bá ju €10,000 lọ tó sì tún ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tó ń ná. Àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Àjọ tó ń ná €2 mílíọ̀nù lọ́dún lè gba €190,000 lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, kí ó sì má dárúkọ rẹ̀, torí kò tó €200,000. Nígbà míì, ẹni tó dáwó náà tún jẹ́ àjọ mìíràn, tí àjọ kẹta fún lówó.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kò fi dandan lé àjọ bíi Heartland láti dárúkọ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún aráyé. Bí a ṣe mọ̀ pé iléeṣẹ́ epo Exxon fún Heartland ní $676,500 láàárín 1998 sí 2006 ni pé Exxon fúnra rẹ̀ máa ń tẹ àkọsílẹ̀ owó tó fi ta àjọ lọ́rẹ jáde. Láàárín àwọn ọdún 1990, Heartland tún bá iléeṣẹ́ sìgá Philip Morris ṣiṣẹ́ láti mú kí àwọn èèyàn ṣiyèméjì pé èéfín sìgá ẹlòmíràn ń ṣe ìpalára. Nítorí náà, bí ìwé àjọ kò bá dárúkọ ẹni tó fún un lówó, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ìwé ẹni tó lówó.

Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó gbowó ń parọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká náà ń gba owó, títí kan owó EU fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó jẹ mí lógún ni ti ẹni tó sọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá àti ẹni tó bò ó.

## Nígbà tí èrò bá di òfin láìgba ibi ìdánwò

Àwọn èèyàn wa ní Gẹ̀ẹ́sì rántí ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ìjọba Liz Truss, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kéde gígé owó orí tó tó £45 bílíọ̀nù. Irú èrò tí IEA ti ń gbé lárugẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, olórí IEA ìgbà náà sì yìn ín. Ohun tí wọ́n fò dá ni ìṣirò Office for Budget Responsibility, àjọ tó máa ń yẹ ìṣirò ìjọba wò. Wọn kò tẹ tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ètò náà, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí owó yóò ti wá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pọ́n-ùn já wálẹ̀ sí nǹkan bí $1.03. Èlé orí owó tí wọ́n ń yá láti ra ilé, irú èyí tí èlé rẹ̀ kì í yí padà fún ọdún méjì, tó jẹ́ 4.74% lọ́jọ́ ìkéde, kọjá 6% kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń ra ilé ní Peckham, àdúgbò kan ní London, tí àdéhùn báńkì rẹ̀ parí lóṣù náà ló san án. Truss kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá.

Èrò náà lè dára tàbí kó burú, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣì ń jiyàn lé e. Àìjẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ ìṣirò wò ló ṣe é ní jàǹbá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

## Kí ló kan kòkó Oǹdó?

Ní 2023, EU ṣòfin pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, pákó àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn bó bá jẹ́ pé wọ́n gé igbó fún un lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Oníṣòwò tó ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ fi àmì GPS oko hàn. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, tó tó ékà mẹ́wàá, àmì kan péré ti tó fún un. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì yí gbogbo ààlà rẹ̀ ká. Fún ẹni tó ṣẹ̀, òkè owó ìtanràn gbọ́dọ̀ tó 4% nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún un ní EU lọ́dún.

December 2024 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sún un síwájú ní ọdún kan. Láàárín ìyẹn, ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé Aṣòfin fi ìsọ̀rí tuntun sí i fún orílẹ̀-èdè tí kò ní ewu gígé igbó kankan. Nínú yàrá títì, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní December 2025, wọ́n tún sún un: iléeṣẹ́ ńlá àti ti àárín di December 2026, àwọn kéékèèké di June 2027. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọba, oníṣòwò àti àjọ ló wà nídìí ìsúnsíwájú yìí, kì í ṣe iṣẹ́ think tank kan.

Ẹ wo bó ṣe rí fún àgbẹ̀ ní Ìdànrè. Ẹni tó ti sanwó kí wọ́n fi GPS wọn oko rẹ̀ ní 2024 kò tíì rí èrè rẹ̀. Ẹni tó ní òun kò ṣe, kò tíì pàdánù nǹkan kan. Ohùn méjèèjì yẹ kó dé Brussels, ohùn tó ń dé ibẹ̀ sì ni ti ẹni tó ní ọ́fíìsì níbẹ̀.

## Bí ìwé wọn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ àjọ náà nínú Transparency Register, kí ẹ wo ọdún tó wọlé àti iye tó kọ pé òun ń ná. Bí kò bá sí níbẹ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ nípa òfin EU, ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣèṣirò. Ohun tí wọ́n bá pè ní ìnáwó, ṣé wọ́n ka èrè tó dojú kọ ọ́? Òfin tó ná iléeṣẹ́ ní bílíọ̀nù kan lè gba ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ìnáwó bílíọ̀nù méjì, ìwé náà sì lè má dárúkọ ilé ìwòsàn rárá. Ẹ wo àwọn ìwé mìíràn tí wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Atlas kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ohùn kan ni, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ní ohun láti sọ, Have Your Say kò béèrè ìwé ọmọ ìlú Yúróòpù. Àgbájọ àgbẹ̀ kòkó láti Ilé-Olújì lè forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n yan Nàìjíríà, kí wọ́n sì kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Orúkọ yín yóò hàn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ní ojú ewé kan náà pẹ̀lú ti think tank. Lẹ́tà 4,000 ni àyè tó wà níbẹ̀, ẹ sì lè so fáìlì mọ́ ọn: àwòrán oko, àkọsílẹ̀ GPS, rísíìtì iye tí wíwọn oko náà ná yín.